Ọdún tí Kábíyèsí Jẹ Iṣu Sísun

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Láṣebìkan ọdẹ ló fẹ́ ẹ wá sí agboolé Jagunlábí ní ìlú Òkè-Àwòrò, ìlú kan tí wọ́n tẹ̀ dó sórí òkè nítorí ogun. Orí òkè dára fún ogun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dára fún obìnrin tó ń pọnmi, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkè pátápátá ni ìsun omi wà. Àwọn ọkùnrin tó yan ibẹ̀ kò bi àwọn tí yóò máa pọnmi kí wọ́n tó yàn án. Kò burú.

Ó pẹ́ tí Àwẹ̀ró ti ń wojú Olódùmarè fún ọmọ. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìyàwó ti ń rán ọmọ tiwọn níṣẹ́. Nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró lóyún. Oyún náà kò tíì hàn sójú ayé, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ mọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ náà sì mọ̀. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ yìí, Ìyá Láṣebìkan, gbọ́, ńṣe ló ṣí gèlè kúrò lórí tó fi orí kanlẹ̀, tó ń dúpẹ́. Ó ní, “Ìyàwó mi, má gbé ohun tó wúwo mọ́ o. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Àmọ́ ẹ wá wo bí ọdún ṣe mú obìnrin yìí gbàgbé ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Ṣé ẹ mọ bí ilé ọkọ ṣe rí. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni. Bàbá arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, ọkọ ni. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n bá ṣáà ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni òun náà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Àwẹ̀ró ti fún gbogbo wọn ní orúkọ tó dùn létí: Bàbá Arẹwà, Adúmáadán, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Bí wọ́n bá sì pè é, ohun kan náà ló máa ń wí: “Mo ti ń bọ̀ o!” Ó wí i títí ó fi di orúkọ fún un. Wọn a máa ní, “Ẹ bá mi pe Mo-ti-ń-bọ̀ wá.”

Ní ọjọ́ lásán, ìyẹn kò pa á lára. Oko ni ọ̀pọ̀ ará ilé Jagunlábí ń gbé. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wà nílé. Ṣùgbọ́n bí ọdún Òkè bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn á tú wálé láti gbogbo abà, tọmọ taya, tajá tẹran. Àwọn ọmọbìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ náà á dé. Níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, ìyàwó ni àwọn náà, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n ń jẹ́ ìpè. Bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan ilé baba wọn, wọ́n di ọkọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa pe ìyàwó. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ẹni tó mọ bí ẹrù ṣe ń dun ọrùn ló ń bu kún tẹlòmíràn.

Ẹ má sì wí pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo ilé yín lọ́jọ́ Iléyá, ẹ wò ó lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ta ló ń jẹun kẹ́yìn? Ta ni kì í ráyè wẹ̀ títí àlejò á fi wọlé bá a pẹ̀lú èéfín lójú? Ọdún ń dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, ẹnì kan ṣoṣo ń ti ẹ̀yìn ààrò ṣọdún. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìtàn mi.

Ọdún yẹn, agboolé Jagunlábí ló kàn láti se oúnjẹ fún ọba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Òkè-Àwòrò: agboolé kan lọ́dún kan. Ọba àti àwọn ìjòyè á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ní ìrọ̀lẹ́ ọdún, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á súre. Nígbà tí Ìyá Láṣebìkan wà ní ìyàwó, ilé wọn ti se é rí, iyán ọjọ́ náà sì ní kókó nínú. Kí ni àwọn ọmọ ìlú gbọ́ èyí sí? Wọ́n fi kọrin:

“Ilé Jagunlábí gúnyán,
Kókó inú ẹ̀ ju òkúta odò;
Ẹni eyín ń dùn kó má dé bẹ̀ o.”

Orin yìí kò kúrò létí Ìyá Láṣebìkan títí ó fi hu ewú. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi gbóná bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé. Kò sùn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ó ń ka ọmọ odó, ó ń bú ẹni tó gbálẹ̀, ó tún ilẹ̀ náà gbá fúnra rẹ̀. Ó gbé àmù ńlá kan kalẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilé, ó rọ omi kún un, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó ní, “Omi iyán Kábíyèsí nìyí o! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni!”

Omi tí àwọn ará oko fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan, tí wọ́n fi ń bomi fún ẹran ńkọ́? Àwẹ̀ró ni yóò pọn ọ́n. Ìyá ọkọ tó ní kó má gbé ohun tó wúwo ló tún gbé agbè ńlá ilé lé e lọ́wọ́, agbè tí ìyá tó bí Ìyá Láṣebìkan fún un nígbà ìgbéyàwó tirẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ ló pọ̀ lórí rẹ̀ tí kò fi rántí. Ọ̀pọ̀ ìkà tí à ń ṣe lásìkò ọdún, báyìí náà ni.

“Ìyàwó o! Bá mi fọnná wá!”

“Mo ti ń bọ̀ o, Bàbá Arẹwà!”

“Ìyàwó! Ọmọ yìí ti yàgbẹ́!”

“Mo ti ń bọ̀ o, Adúmáadán!”

“Ìyàwó, ṣé odò lo ṣì wà ni àbí o ti bá omi lọ?”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo ti ń bọ̀.”

Èyí tó le jù nínú àwọn ọkọ wọ̀nyí ni Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n Láṣebìkan obìnrin, òun ni Àwẹ̀ró ń pè ní Ẹyinjú-ẹgẹ́. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Àṣàkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rin orín. Àwẹ̀ró gun òkè dé pẹ̀lú agbè lórí, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó, ọkọ mi.”

Àṣàkẹ́ yọ orín lẹ́nu. “Ìyàwó, ṣé orúnkún rẹ ló gan ni? Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ọkọ nílé baba rẹ?”

“Ẹ má bínú, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Ẹrù ló wà lórí mi.”

“Ẹrù! Orí mi kò gbẹ́rù rí ni? Nílé ọkọ tèmi, tẹrù tẹrù ni mo fi ń kúnlẹ̀.”

Irọ́ ló ń pa. Kò sí ilẹ̀ Yorùbá kan tí wọ́n ti ń ní kí ẹni tó rẹrù kúnlẹ̀. Ẹni tó rẹrù, òun là ń kí, òun là ń yà lọ́nà fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún. Gbogbo ìlú ti bu ìsun tán, omi kò ju èyí tó ń sun díẹ̀díẹ̀ bí omi ojú lọ. Àwẹ̀ró lóṣòó tì í, ó ń fi ahá bù ú sínú agbè, títí agbè fi kún. Omi ìfọwọ́ Kábíyèsí ni. Ó gbé e rù, ó gun òkè. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná, ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀, oòrùn sì mú. Ó kù díẹ̀ kó wọlé ni Àṣàkẹ́ bá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ìyàwó, kú ọdún o!”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

Orúnkún kan kanlẹ̀, ìkejì ń tẹ̀ lé e, ni ojú rẹ̀ bá ṣú. Agbè yẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi ìdí lu òkúta ẹnu ọ̀nà, ó fọ́ yángá, omi sì tú dà sílẹ̀ bí ìgbà tí odò ya.

“Yéè! Omi ìfọwọ́ Kábíyèsí!” Àṣàkẹ́ fò dìde, ó ká ọwọ́ lérí. “Agbè Ìyá! O ti pa wá! Dìde ńlẹ̀, dìde ńlẹ̀ kí Ìyá tó jáde!”

Àwẹ̀ró kò dìde. Ìgbà tí Àṣàkẹ́ wolẹ̀ dáadáa ló rí i pé omi tó ń ṣàn lábẹ́ ìyàwó ti pọ́n. Orín bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbe tó tún ké lẹ́yìn náà kì í ṣe ti omi mọ́.

Wọ́n gbé Àwẹ̀ró wọ yàrá. Wọ́n sáré pe ìyá agbẹ̀bí tó wà ní agboolé kejì, arúgbó kan tí kì í yára rìn, tí kì í sì í pariwo. Nígbà tó máa wọlé, Ìyá Láṣebìkan ń sá sókè sódò, ó gbé ìkòkò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbá ìgbálẹ̀ mú, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìyá agbẹ̀bí wò ó. “Ìwọ obìnrin yìí, jókòó.”

“Ìyá, ẹ ò rí i pé…”

“Mo rí i. Jókòó. Mí. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó lọ pa á lóko. Nínú ilé yìí, kí gbogbo ènìyàn jókòó.”

Ni gbogbo wọn bá jókòó, àtọkùnrin àtobìnrin. Láti ìgbà tí àwọn ará oko ti dé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé Jagunlábí máa dákẹ́. Wọ́n ń gbọ́ adìẹ tó ń ta ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń gbọ́ mímí Àwẹ̀ró, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó tún fẹ́ lọ.

“Ẹ fún mi ní omi gbígbóná,” ìyá agbẹ̀bí wí. “Kó pọ̀. Ẹ má dá a dúró o, ara rẹ̀ ti ń tutù.”

Kò sí omi nínú ilé. Omi wà nínú àmù.

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. “Ìyá, ìsun ti gbẹ. Bí a bá bu ti inú àmù, kò ní sí iyán. Kábíyèsí ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á tún kọrin.”

Ìyá Láṣebìkan dìde. Ó wo aṣọ funfun tó fi bo àmù. Orin àtijọ́ náà ń dún létí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ìtìjú tó ti bá ni gbé láti ìgbà èwe kì í lọ torí pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó fa aṣọ náà kúrò, ó gbé e fún ìyá agbẹ̀bí kí wọ́n fi nu ìyàwó rẹ̀. Ó ki igbá bọ inú àmù.

“Ẹ dáná,” ó ní. “Kábíyèsí á jẹ iṣu ní sísun. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n kọrin títí eyín wọn á fi re.”

Wọ́n lo omi náà títí àmù fi gbẹ. Oyún bàjẹ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún yín; ọmọ tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dá. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ara Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ìyá agbẹ̀bí sì fọwọ́ nu ojú, ó ní, “Ẹ lè dúpẹ́ báyìí.” Láṣebìkan ti ìgbẹ́ dé pẹ̀lú ẹran ọdún lọ́rùn, wọ́n sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: “Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?” Wọ́n ní ó wà láàyè. Ó sọ ẹran sílẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé, tí kò mọ nǹkan kan, dúró lágbàlá, ó pariwo, “Ìyàwó o! Ebi ń pa mí!”

Láti inú yàrá, ohùn Àwẹ̀ró jáde tín-ín-rín bí òwú: “Mo ti ń…”

“Kò ní wá o!” Ìyá Láṣebìkan ké mọ́ ọn láti ìta. “Kò ní wá síbì kankan! Ẹni ebi ń pa, kó lọ sun iṣu!”

Àárín èyí ni Àdìgún, ìránṣẹ́ ààfin, wọlé dé. Ó bá Ìyá Láṣebìkan lórí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ wà lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nítan. Ó kí i, ó ní, “Ìyá, Kábíyèsí ló ní kí n wá wò yín. Wọn ò gbọ́ ìró odó láti ilé yín. Ṣé kò sí o?”

Ìyá Láṣebìkan gbé ojú sókè. “Ẹ bá mi sọ fún Kábíyèsí pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Àdìgún wolẹ̀. Àfọ́kù agbè rèé láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tú ká títí dé ìdí odó. Ó fi ọ̀pá tọ́ ọ̀kan. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi kọ́ ló ń ṣe mí o. Agbè yìí mà ti di wẹ́wẹ́. Apá ibo ni kò fọ́ níbẹ̀?”

“Ta ló ń sọ ìyẹn fún ọ? Ìyẹn kọ́ ni agbè.” Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà yàrá. “Agbè tèmi wà nínú ibẹ̀ yẹn, ó ń mí. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló dànù lónìí. Omi dùn mí, Àdìgún, ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé agbè ló fọ́, kí ni mo fẹ́ máa wí fún ọ báyìí? Lọ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Nínú yàrá, Àwẹ̀ró gbọ́. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, wọ́n ti pè é ní ìyàwó, wọ́n ti pè é ní Mo-ti-ń-bọ̀, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ohun tí wọn kò fẹ́ kó fọ́ rí. Ó sunkún nígbà náà, ó sunkún ọmọ rẹ̀ dáadáa, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ó ní òun fẹ́ mumi.

Omi ti tán nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo ìran: Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun. Adúmáadán tẹ̀ lé e, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀ lé e, títí kan Bàbá Arẹwà tó ń fi ọ̀pá rìn, kèrègbè kékeré wà léjìká rẹ̀. Gbogbo ọkọ ilé ló lóṣòó ti ìsun, wọ́n ń retí omi tó ń kán tótó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé òkè ọ̀hún ga tó bẹ́ẹ̀. Ahá tí Àṣàkẹ́ bù dé ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ mu. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó ní, “Aya àbúrò mi, n kò ru ẹrù kúnlẹ̀ rí. Irọ́ ni mo pa.” Àwẹ̀ró mu omi náà tán kó tó dáhùn. Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Kábíyèsí dé pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ìyá Láṣebìkan gbé iṣu sísun kalẹ̀, iyọ̀ àti epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú ṣì wà lára iṣu. Ọba mú ọ̀kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á, ó tẹ̀ ẹ́ bọ epo. Ó jẹ ẹ́. Ó tún mú òmíràn.

“Ọdọọdún ni mò ń jẹ iyán,” ó ní. “Ta ló rántí sun iṣu fún mi láti ìgbà tí mo ti joyè?” Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, ilé mí kanlẹ̀. Kábíyèsí wá nu ọwọ́, ó ní, “Bí a bá pàdé lónìí, kí là ń kí ara wa? Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ìyè ni mo wá kí nílé yìí. Ẹni tó bá pa ìyè nítorí ọdún, kí ló fi ń ṣọdún?” Ó súre fún Àwẹ̀ró láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ọmọ ilé ni yóò máa pọn omi ọdún ní Òkè-Àwòrò, àtọkùnrin àtobìnrin, àwọn ìyàwó ilé yóò jókòó.

Wọ́n kọrin ọdún yẹn náà o, ṣùgbọ́n orin ọpẹ́ ni wọ́n kọ, pẹ̀lú epo lẹ́nu. Àwẹ̀ró pẹ́ kó tó lè gun òkè. Nígbà tí ó yá, agbè tún gba omi: ó bí Omíyalé, ó sì bí àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àdìgún ní tirẹ̀ kò dákẹ́ ẹnu. Ó gbé ọ̀rọ̀ ìyá náà kiri láti ilé dé ilé títí ó fi kọjá odi ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe fún ẹni tí àdánù bá, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì kù, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.